HSS, HH àbí SSS: gìtá kan ṣoṣo fún jùjú, highlife àti worship

OníGìtá_Mọ́kọlá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Gìtá kan ṣoṣo ni mo fẹ́ máa gbé kiri. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá ẹgbẹ́ jùjú kan lọ sóde àríyá. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, highlife la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìyìn, kó tó já sí worship, ibẹ̀ sì ni olórí akọrin ti máa ń fẹ́ kí gìtá sunkún pẹ̀lú overdrive, ẹ̀rọ ẹsẹ̀ tó ń mú ohùn gìtá gbóná.

Kọ́pì Stratocaster (gìtá Fender tí a ń pè ní Strat) ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi: pickup mẹ́ta tó ń gbé ìró okùn, gbogbo wọn single coil, ìyẹn oní-wáyà wíwé kan, àti súwíìṣì onípò márùn-ún. Ohùn rẹ̀ mọ́ fún jùjú, mi ò ní í purọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀, tí mo sì tẹ overdrive, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbo oyin, àwọn tó wà níwájú á sì máa wojú mi.

Nǹkan mẹ́ta ni mo ń rò: kí n tà á kí n ra HSS, tàbí HH tó ní coil split (tí a lè pa coil kan nínú rẹ̀), tàbí HSH. Lẹ́tà kan ni fún pickup kọ̀ọ̀kan: S ni single coil, H ni humbucker, oní-coil méjì. Èwo ló lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ra méjì o. Owó ò sí.

Ọmọ_Surulere

HSS. Ó parí. Ẹ ti ojú ìwé yìí pa.

Atúngìtáṣe

Ọmọ_Surulere, ẹ rọra. A ò tíì mọ ohun tó ń kùn nínú gìtá ẹni ẹlẹ́ni, ẹ ti ní kó lọ ra òmíràn.

OníGìtá, ariwo yẹn ló ń lé yín kúrò lórí gìtá yín, nítorí náà òun ni kí á kọ́kọ́ mú. Pickup ò ju òòfà tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ínrín wé láyìíká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀, agbára òòfà náà á máa yí padà, iná kékeré á jáde nínú wáyà, òun ló ń lọ sínú amplifier. Ibi tí wàhálà wà ni pé wáyà yẹn ò mọ okùn gìtá yàtọ̀ sí transformer. Iná tiwa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Transformer, ẹ̀rọ amúlétutù, ṣájà fóònù, jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ló ń fọ́n in sí afẹ́fẹ́, single coil á sì gbé e bó ṣe ń gbé orin. Overdrive ò dá ariwo sílẹ̀, ńṣe ló ń gbé ohun tó ti wà ńlẹ̀ sókè.

Seth Lover tó ń bá ilé iṣẹ́ Gibson ṣiṣẹ́ ló fi coil méjì yanjú rẹ̀, humbucker nìyẹn. Ó wé ọ̀kan síwá, ó wé èkejì sẹ́yìn, ó sì dojú òòfà ọ̀kan dé. Ariwo tó ti ìta wọlé máa ń bá coil méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń jáde ní òdìkejì ara wọn, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ìró okùn ní tirẹ̀ ò ní í kú, torí pé wáyà àti òòfà ti yí padà pọ̀. Ńṣe ni ti coil méjèèjì á pa pọ̀, tí á lágbára sí i. Ọdún 1955 ló fi ìwé béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, 1959 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ gìtá Les Paul ti Gibson ti ń lò ó láti 1957. Àlẹ̀mọ́ "Patent Applied For" tó wà lábẹ́ àwọn ìgbà yẹn ni gbogbo ayé gé kúrú sí PAF, tí wọ́n wá ń fi owó ilé rà.

Ẹ gbọ́ ìkejì rẹ̀ o: irú ariwo kan yìí nìkan ni humbucker ń pa. Bí wáyà ilẹ̀ bá já nínú gìtá, tàbí tí ṣọ́ọ̀ṣì yín ò ní earth rárá, humbucker mẹ́ta ò ní í gbà yín. Nítorí náà, ẹ bá mi dán nǹkan mẹ́ta wò kí ẹ tó ta ohunkóhun. Ẹ tẹ overdrive, kí ẹ wá rọra yí ara yín po: ṣé ariwo ń lọ sókè sódò bí ẹ ṣe ń yí? Ẹ fọwọ́ kan okùn: ṣé ó dínkù, àbí ó pọ̀ sí i? Ẹ wá gbé súwíìṣì sí ipò kejì àti ìkẹrin, níbi tí pickup méjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀: ṣé ariwo náà kú níbẹ̀, àbí kò kú?

GìtáPeckham

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí létí. Àmọ́ èmi á ní kó ra HH tó ní push-pull. Òun ni mò ń lò níbí, láti òde ọjọ́ ìbí ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, títí dé ìsìn àárọ̀. Tí mo bá fẹ́ kó nípọn, humbucker rèé. Tí mo bá fẹ́ kó tinrín, mo fa bọ́tìnì tone sókè, coil kan á kú, ó ti di Strat. Gìtá méjì nínú ẹyọ kan. Kí la tún ń wá?

Alàgbà_Tẹ́nọ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń kà yín, ẹnu ń yà mí.

Nígbà tí àwa ń gbá jùjú, súwíìṣì ara Strat ò ju ipò mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí láti 1954 tí gìtá náà ti jáde. A máa ń rọra há a sí àárín ipò méjì kí ohùn kan báyìí lè jáde, ohùn tó ń ta, tó ń tú yẹ́ẹ́-yẹ́ẹ́. Bó o bá gbọn apá, á yọ kúrò níbẹ̀, o tún ní láti wá a padà láì jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. 1977 ni Fender tó wá fi ipò márùn-ún sí i, nígbà tí gbogbo olórin ti ń fi ọgbọ́n orí ṣe é.

Ohun tí ẹ ò sọ nìyí. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, gìtá kì í dá wà. Lead ń bẹ, rhythm ń bẹ, tẹ́nọ̀ (gìtá tó ń tún orin kúkúrú kan gbá léraléra) ń bẹ, bass ń bẹ. Ẹgbẹ́ mìíràn tún ní steel guitar, bí ẹgbẹ́ King Sunny Adé ṣe fi hàn wá. Ìlù ń kọ́? Dùndún àti gángan ti gba gbogbo àárín, ohùn wọn sì nípọn. Bí gìtá mẹ́ta bá wọlé pẹ̀lú humbucker, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tí onídùndún ń wí mọ́. Ohùn tinrín tí ẹ̀yin ń pè ní àbùkù single coil, òun ló ń jẹ́ kí tẹ́nọ̀ yọ lára ìlù láìpariwo. Tẹ́nọ̀ mi wà lórí ipò kejì fún ọdún gbọọrọ, volume ò sì kọjá méje rí.

Ọmọ Mọ́kọlá, irú gìtá wo lò ń gbá nínú ẹgbẹ́ náà? Èyí ṣe pàtàkì ju lẹ́tà H àti S lọ.

Àdùkẹ́_Okùn_Mẹ́fà

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni o, ẹ má bínú. Kí ló dé tí pickup ọrùn fi ń dún múlọ́múlọ́, tí ti ìdí ń ta bí abẹ́rẹ́, nígbà tó jẹ́ okùn kan náà? Mo wo méjèèjì, kò síyàtọ̀.

Atúngìtáṣe

Ìbéèrè gidi nìyẹn, Àdùkẹ́. Ẹ wo okùn tó ń gbọ̀n. Nítòsí bridge, ìyẹn ìdí gìtá níbi tí okùn ti so mọ́ ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn rárá. Ohùn ìsàlẹ̀, èyí tí í ṣe ìpìlẹ̀ nóòtì, kéré níbẹ̀. Àwọn ohùn wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí pickup ìdí ń gbọ́. Bí ẹ ṣe ń lọ sí ọ̀nà ọrùn, okùn ń gba ààyè rìn, ìpìlẹ̀ á jókòó dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe gìtá fi máa ń wé pickup ìdí le ju ti ọrùn lọ, kí agbára wọn lè sún mọ́ra.

Èyí náà ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn oníbàárà mi pé ibi tí pickup wà lágbára tó irú tó jẹ́. Gìtá tó ní fret (irin wẹ́wẹ́ orí ọrùn) 24 ti ti pickup ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn kí fret lè ráyè, nítorí náà ohùn rẹ̀ ò lè yípo bíi ti oní-21 tàbí 22, ohun yòówù kí ẹ gbé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ HSH tí OníGìtá ń wò ló jẹ́ oní-24. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ṣe é fún. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni màá kọ́kọ́ na ọwọ́ sí fún highlife.

Ó kan GìtáPeckham. Àbúrò, mi ò ní kí ẹ ju gìtá yín nù, ṣùgbọ́n coil kan lára humbucker ò tíì di Strat. Ẹ fi míítà wọn ọ́n. Humbucker irú PAF máa ń wà ní nǹkan bíi 8 kΩ (kílò-óòmù, ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà). Ẹ pa coil kan, ó ku 4. Pickup Strat gan-an máa ń tó 6 kΩ, òòfà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀pá tó gùn wọ inú coil, kì í ṣe pẹlẹbẹ òòfà kan tó sùn sábẹ́ coil méjì. Torí náà, bí ẹ bá fa bọ́tìnì yẹn, ohùn á tinrín lóòótọ́, á sì wálẹ̀, soundman á máa wá yín kiri. Èyí tó tún burú ni pé ariwo tí ẹ torí rẹ̀ ra humbucker á padà dé, torí coil tó ń pa á lẹ ti pa yẹn.

Humbucker tó le, irú tó wọn tó 16 kΩ, ń ṣe dáadáa jù tí a bá pín in, nítorí ìdajì rẹ̀ ṣì ku 8. Ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: parallel. Dípò kí ẹ pa coil kan, ẹ so méjèèjì légbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohùn á mọ́, á fúyẹ́, ariwo ò sì ní í padà. Push-pull kan náà ló ń ṣe é, wáyà mẹ́rin nìkan ni pickup náà nílò. Fún ẹni tó ń gbá lábẹ́ jẹnẹrétọ̀, parallel ni màá ṣe, màá fi split sílẹ̀ fún àwọn tó wà nílùú tí iná ti dára.

GìtáPeckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi iná bú wa o, àwa náà ń san owó rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ohùn ń wálẹ̀, òótọ́ ni. Mo máa ń tẹ boost, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, lẹ́sẹ̀ kan náà tí mo bá fa bọ́tìnì. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: HSS tí gbogbo èèyàn ń sọ yìí, ṣé volume kan ṣoṣo ò ní í da nǹkan rú? Single coil fẹ́ pot (bọ́tìnì volume tàbí tone tí a ń yí) 250k, humbucker fẹ́ 500k.

Atúngìtáṣe

Ó ń dà á rú díẹ̀. 250k máa ń jẹ òkè ohùn humbucker, á dà bí ẹni pé ó fi aṣọ bo ẹnu. 500k ní tirẹ̀ á jẹ́ kí single coil gún etí. Èmi máa ń fi 500k síbẹ̀, kí n sọ fún oníbàárà pé tó bá wà lórí single coil, kó dá tone padà sí méje tàbí mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọwọ́ kan tone, kó fi 250k sí i, kó sì yan humbucker tí òkè ohùn rẹ̀ mú. Kò sí èyí tó lòdì nínú méjèèjì.

Alàgbà_Tẹ́nọ̀

Inú mi dùn pé ẹ dárúkọ bọ́tìnì tone. Èèyàn á ra gìtá onípò márùn-ún, á sì gbá a fún ọdún mẹ́wàá lórí mẹ́wàá-mẹ́wàá bí ẹni pé wọ́n fi sọ́dà dì í mọ́ ibẹ̀.

Ọmọ_Surulere

Bàbá mú mi. Mi ò fọwọ́ kan tone mi láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Igi ń kọ́? Àwọn kan ní alder dáa ju basswood lọ fún ohùn mímọ́.

Atúngìtáṣe

Ẹ jẹ́ ká fi igi sílẹ̀ fún káfíńtà lónìí. Ẹ fi ṣúùrú sún pickup yín sókè sódò pẹ̀lú screwdriver kí ẹ tó dá igi lẹ́bi. Mílímítà kan péré lè yí ohùn padà ju pákó lọ. Single coil, ẹ tẹ okùn mọ́ fret tó kẹ́yìn, kí àlàfo rẹ̀ wà ní bíi 2 sí 2.5 mm. Bó bá sún mọ́ ọn jù, òòfà á máa fa okùn, okùn kẹfà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wúyẹ́-wúyẹ́ lókè ọrùn, ẹ̀yin á máa yí tuner láìnídìí.

Àdùkẹ́_Okùn_Mẹ́fà

P-90 náà ń kọ́? Ẹnì kan ní ó wà láàárín méjèèjì.

Atúngìtáṣe

Ohùn rẹ̀ ló wà láàárín, ariwo rẹ̀ ò sí láàárín ibì kankan. Single coil ni P-90, Gibson ti ń lò ó láti 1946. Coil rẹ̀ fẹ̀, kò ga, òòfà méjì sùn sábẹ́ rẹ̀. Ó nípọn, ó sì tún ń ta. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe yẹ kí n sọ lójúde lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá síbí torí pé gìtá rẹ̀ ń kùn, P-90 kọ́ ni mo máa gbé lé e lọ́wọ́.

OníGìtá_Mọ́kọlá

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin àgbà. Mo ti lọ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìpàdé akọrin, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́.

Tí mo bá yí ara mi po, ariwo ń dínkù, ó ń pọ̀ sí i. Ó burú jù tí mo bá kọjú sí àpótí iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Tí mo bá fọwọ́ kan okùn, ó dínkù, ṣùgbọ́n kò lọ tán. Ipò kejì àti ìkẹrin ló yà mí lẹ́nu: ariwo ò yí padà rárá. Bó ṣe rí lórí ipò kìíní náà ló ṣe rí níbẹ̀.

Bàbá, tẹ́nọ̀ ni mò ń gbá lóde, lead ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Alàgbà_Tẹ́nọ̀

Tẹ́nọ̀! Tó bá rí bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba single coil àárín àti ti ọrùn lọ́wọ́ rẹ.

Atúngìtáṣe

OníGìtá, ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín. Ariwo tó ń yí bí ẹ ṣe ń yí, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá. Ẹ sì yẹra fún àpótí iná yẹn, ẹ lọ dúró sí apá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù. Pé ó dínkù tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn fi hàn pé wáyà ilẹ̀ ti bridge ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú ihò gìtá náà ò ní ohun tó bò ó. Fọ́ìlì bàbà tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò àti ẹ̀yìn pickguard (ike tó bo iwájú gìtá), kí ẹ so ó mọ́ ilẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá.

Ipò kejì àti ìkẹrin ni ẹjọ́ wà. Nínú ọ̀pọ̀ Strat òde òní, wọ́n máa ń wé pickup àárín sẹ́yìn, wọ́n á sì dojú òòfà rẹ̀ dé. Tó bá ti bá ọ̀kan nínú àwọn yòókù ṣiṣẹ́ pọ̀, àwọn méjèèjì ti di humbucker nìyẹn, ariwo á kú. Strat àtijọ́ ò ní in. Kọ́pì tiyín náà ò ní in. Ohun tó ń dà yín láàmú láti ìgbà yìí ni pé ohùn jùjú tí ẹ ń lò jù, ohùn ipò kejì ti Bàbá, yẹ kó dákẹ́, kò sì dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ má tà á. Ẹ ra pickup àárín tó jẹ́ reverse wound, reverse polarity (tí wáyà àti òòfà rẹ̀ yí padà), kí ẹ sì fi humbucker kan sí ìdí. Pickup ọrùn tó ti wà níbẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti di HSS, láìta nǹkan kan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ tú pickguard kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo bóyá ihò pákó níbi ìdí fẹ̀ tó humbucker. Kọ́pì púpọ̀ ti gbẹ́ ẹ fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó nílò pickguard HSS náà. Tí okùn yín bá fẹ̀ ní bridge bíi ti Fender, ẹ béèrè fún humbucker tí àlàfo láti irin okùn kìíní dé ti ìkẹfà lórí rẹ̀ tó bíi 52 mm. Oní-50 náà á dún, àmọ́ okùn kìíní àti ìkẹfà á máa yọ kúrò lórí irin rẹ̀.

GìtáPeckham

Ipò kejì wá ń kọ́? Humbucker odindi pẹ̀lú single coil àárín, ohùn yẹn ò ní í ta bí Bàbá ṣe fẹ́ ẹ. Á nípọn jù fún tẹ́nọ̀.

Atúngìtáṣe

Ó dáa tí ẹ bi í. Ẹ jẹ́ kí súwíìṣì fúnra rẹ̀ pín humbucker náà ní ipò kejì. Súwíìṣì onípò márùn-ún tó wọ́pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni Strat ń lò fún tone. Ẹ fi tone kan ṣoṣo sí gìtá náà, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ so ibi tí coil méjèèjì humbucker ti pàdé mọ́ ẹsẹ̀ àárín rẹ̀, kí ẹ so ẹsẹ̀ àpapọ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Nígbàkúùgbà tí pickup àárín bá ń ṣiṣẹ́, coil kan á kú fúnra rẹ̀. Ní ipò kìíní, humbucker odindi wà fún worship. Ní ipò kejì, tẹ́nọ̀ Bàbá rèé. Ẹ ò ní í fa bọ́tìnì kankan lójú ìsìn.

Coil tí ẹ máa fi sílẹ̀ ṣe pàtàkì. Èyí tí òòfà rẹ̀ dojú kọ òdìkejì ti pickup àárín ni kí ó kù, kí wáyà rẹ̀ náà sì yàtọ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ariwo ò ní í kú. Kọ́ńpáàsì kékeré lásán lè sọ ojú òòfà fún yín. Ẹ má lo ti fóònù, òòfà á dà á rú.

OníGìtá_Mọ́kọlá

Ẹ kú ọgbọ́n, Ọlọ́run á bù sí i. Màá tú pickguard lọ́la. Ìbéèrè kan ló kù. Pickup ọrùn mi ti ilé iṣẹ́ kan, àárín àti humbucker máa ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo gbọ́ pé wọ́n lè má bára mu, tí ohùn á wá dà bíi ti rédíò kékeré.

Atúngìtáṣe

Bẹ́ẹ̀ ni, phase nìyẹn. Tí pickup méjì bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí ìsàlẹ̀ ohùn sì sá lọ, iná tó ń jáde lára ọ̀kan ń lọ síwájú nígbà tí ti èkejì ń lọ sẹ́yìn. Ẹ lè mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fi sọ́dà kan ohunkóhun. Ẹ gbé multimeter sí 20 kΩ, ẹ fi wáyà rẹ̀ méjèèjì mú pickup kan, kí ẹ gbé screwdriver irin lé orí rẹ̀. Iye tó wà lójú míítà á lọ sókè tàbí wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ fa screwdriver kúrò, á lọ sí ọ̀nà kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pickup mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì rí i pé wáyà pupa míítà ló ń mú wáyà gbígbóná pickup (èyí tó ń gbé ohùn jáde) lọ́jọ́ gbogbo. Èyí tó bá lọ sí òdìkejì àwọn tó kù, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀ méjèèjì fún ara wọn.

Tó bá jẹ́ humbucker ni, wáyà mẹ́rin ni kí ẹ rà. Oníwáyà kan tó ní ìhun irin lára, irin yẹn ló ti so mọ́ ìdérí rẹ̀, ẹ ò lè pààrọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ìdérí á di gbígbóná, á sì máa kùn tí ọwọ́ bá kàn án. Ẹ fi àwòrán inú ihò náà ránṣẹ́ tí ẹ bá tú u.